Ibùsùn Wà, Nọ́ọ̀sì Kò Tó: Ìbéèrè Yín Lórí Ìtọ́jú Nínú ICU

Ọ̀rọ̀ kan náà ló pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé sí abala yìí lóṣù yìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ yàrá ìtọ́jú àkànṣe tí gbogbo wa mọ̀ sí ICU, àti àwọn nọ́ọ̀sì tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi kí n tó fẹ̀yìn tì, mo yan márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà. Mo gé àwọn tó gùn kúrú, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n àti orúkọ ilé ìwòsàn kúrò, nítorí pé ohun tí wọ́n ń béèrè kò kan ilé ìwòsàn ẹyọ kan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá wa lóru ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, dókítà ní ICU ló yẹ kí wọ́n wọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí àyè. Ẹ̀gbọ́n mi yọjú wo inú yàrá náà láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì rí ibùsùn méjì tó ṣófo, tí wọ́n ti tẹ́ aṣọ lé, tí ẹ̀rọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí a béèrè, nọ́ọ̀sì kan ní, “Ibùsùn wà, àwa la ò tó.” Inú bí wa. A rò pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bàbá rí àyè lọ́jọ́ kejì, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ mọ̀: ṣé òótọ́ ni ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ? — Olùkàwé kan, Mọ́kọ́lá.

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ pé bàbá wà láàyè. Mi ò sí níbẹ̀, nítorí náà mi ò lè búra fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ èsì tí nọ́ọ̀sì yẹn fún yín jẹ́ èsì tí ICU tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fún yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí nọ́ọ̀sì kan ń ṣe fún aláìsàn kan ṣoṣo láàárín wákàtí kan.

Ká sọ pé aláìsàn náà kò lè dá mí, wọ́n ti ti rọ́bà bọ ọ̀fun rẹ̀, wọ́n sì so rọ́bà náà mọ́ ẹ̀rọ tí ń bá a mí. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì ní láti wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ìfúnpá rẹ̀, ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìgbóná ara rẹ̀ àti bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe sí, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní láti wọn ìtọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò, nítorí pé bí ẹni tó wọn 60 kílò kò bá tọ̀ tó nǹkan bí 30 mìlílítà ní wákàtí kan, tí ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ má dé kíndìnrín rẹ̀ dáadáa mọ́. Oògùn tó ń gbé ìfúnpá rẹ̀ ró ń wọ inú iṣan díẹ̀díẹ̀ láti ara ẹ̀rọ kékeré kan. Bí oògùn yẹn bá tán fún ìṣẹ́jú mélòó kan péré, ìfúnpá lè já wálẹ̀ pátápátá, nítorí náà òmíràn gbọ́dọ̀ ti wà ní pípò kí èyí tó wà lára ẹ̀rọ tó tán. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá dí inú rọ́bà, nọ́ọ̀sì ló máa fà á jáde, kíákíá ni. Òun náà ló máa fọ ẹnu aláìsàn, tó máa rí i pé orí ibùsùn wà ní gíga tó yẹ, nǹkan bí ìwọ̀n dígíríì 30 sí 45, kí ohun inú ikùn má bàa ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó máa kán oògùn sí i lójú, nítorí ẹni tí kò mọ ara kì í ṣẹ́jú. Bí wákàtí méjì bá pé, wọ́n ní láti yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ìdùbúlẹ̀ má bàa dá egbò sí i ní ìdí, iṣẹ́ ẹni méjì sì nìyẹn, kì í ṣe ti ẹnì kan. Gbogbo èyí jẹ́ ti aláìsàn tí nǹkan kan kò ṣe ní wákàtí náà o.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò rẹ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí nọ́ọ̀sì bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì mẹ́rin kò tíì kárí ibùsùn kan, torí pé 160 péré ni wọ́n lè ṣe, wákàtí mẹ́jọ ṣì kù sílẹ̀. Ẹ fi ìsinmi ọdọọdún kún un, ẹ fi ìsinmi ìbímọ, àìsàn àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kún un, ẹ ó rí i pé ó tó nọ́ọ̀sì márùn-ún sí mẹ́fà kí ibùsùn kan tó lè ní ẹni tó dúró tì í lọ́sàn-án lóru. Ilé ìwòsàn tó ra ibùsùn mẹ́jọ, tí ó wá gba nọ́ọ̀sì 20, ibùsùn mẹ́rin ló ní fún àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Irin ni mẹ́rin yòókù. Ṣùgbọ́n irin yẹn ni ìjọba àti àwọn olówó máa ń wá ṣí pẹ̀lú ayẹyẹ, tí wọ́n á sì ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti gé rìbọ́nnì nítorí pé wọ́n gba nọ́ọ̀sì mẹ́fà síṣẹ́.

Ẹni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé bàbá dúró níbòmíràn, dípò kí ó fi wọ́n kún ti nọ́ọ̀sì tí ọwọ́ rẹ̀ ti kún, lè ti gba ẹ̀mí ẹni tí nọ́ọ̀sì náà ń tọ́jú lọ́wọ́ là. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe tí ó jọ pé wọn kò ṣe ni pé kí wọ́n jókòó tì yín, kí wọ́n sì là á yé yín.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n dá mi dúró sí ilé ìwòsàn ìjọba, nọ́ọ̀sì méjì ló ń tọ́jú gbogbo wa nínú wọ́ọ̀dù, a sì lé ní 30. Ọmọ mi wá ń sọ fún mi pé nínú ICU, nọ́ọ̀sì kan fún aláìsàn kan ni. Ṣé ìnákúnàá kọ́ nìyẹn, pàápàá nígbà tí ẹ̀rọ wà tí ń ké bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀? — Bàbá kan, Àpáta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ìbéèrè tó yẹ kí oníṣirò béèrè lẹ béèrè.

Ọwọ́ ènìyàn ló kọ́kọ́ wà nínú ICU kí ẹ̀rọ tó dé. Ní ọdún 1952, ọdún kan náà tí òfin dá UCH Ìbàdàn sílẹ̀ (1957 ni wọ́n tó ṣí i), àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà rànyìn nílùú Copenhagen ní Dẹ́ńmáàkì. Àwọn tí àrùn náà mú débi pé wọn kò lè dá mí mọ́, lé ní 80 nínú 100 wọn ló ń kú. Dókítà kan tó ń jẹ́ Bjørn Ibsen, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kun àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lóorun, ní kí wọ́n lu ihò sí wọn lọ́fun, kí wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́, kí ènìyàn sì máa fi ọwọ́ fún àpò afẹ́fẹ́ kí wọ́n lè máa mí. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ti ìtọ́jú eyín ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, tọ̀sán-tòru, fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí wọ́n ń fún àpò náà. Iye àwọn tó ń kú já wálẹ̀ sí nǹkan bí 25 nínú 100. Nígbà tó di 1953, Ibsen kó irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ jọ sí yàrá kan nílé ìwòsàn ìlú náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ICU àkọ́kọ́. Ẹni kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn kan ni ìtọ́jú náà gan-an. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ó gba àpò afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ kò gba ojú àti òye wọn.

Ní ti aago tí ń ké, ẹ̀rọ lè ké, kò lè dìde. Ó ń ké nígbà tí rọ́bà bá yọ, ó ń ké nígbà tí aláìsàn bá wúkọ́, ó ń ké nígbà tí wáyà kan bá tú lára. Nígbà tí ó bá ti ké lọ́pọ̀ ìgbà lóru kan láìsí ewu, etí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn mẹ́ta kò ní ka igbe rẹ̀ sí mọ́. A kì í sọ pé ẹni náà ya aláìbìkítà. Etí ènìyàn ni.

Nípa ti owó, ìwádìí wà. Ní ọdún 2014, Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìṣègùn Lancet, wọ́n wo àkọsílẹ̀ aláìsàn tó lé ní 420,000, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn 300 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fi aláìsàn kan kún iye tí nọ́ọ̀sì ń tọ́jú, ewu pé aláìsàn yóò kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ń fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ kíyè sí i pé èyí kò túmọ̀ sí pé ènìyàn méje sí i nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Ewu tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló fi ìdá méje ti ara rẹ̀ pọ̀ sí i. Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì wò, kì í ṣe ICU, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò sì lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àìtó nọ́ọ̀sì nìkan ló fà á. Síbẹ̀, bí ẹ̀rí ṣe rí ní wọ́ọ̀dù tí aláìsàn ti lè pe ènìyàn fúnra rẹ̀, ẹ wo bí yóò ti rí níbi tí kò ti lè la ẹnu. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin rẹ̀ ní 1999, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004: nọ́ọ̀sì kan kò gbọ́dọ̀ tọ́jú ju aláìsàn méjì lọ nínú ICU. Ní Ìlú Ọba, ọ̀kan sí ọ̀kan ni ìlànà fún ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí.

Ẹ tún fi èyí sínú ìṣirò yín: aláìsàn tí òtútù àyà mú nítorí pé kò sí ẹni tó fọ ẹnu rẹ̀ yóò pẹ́ sí i lórí ẹ̀rọ, owó ICU sì jẹ́ ti ojoojúmọ́, àpò ẹbí ló sì ti ń jáde ní ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa. Ní ti wọ́ọ̀dù tí ẹ wà yẹn, sà, nọ́ọ̀sì méjì fún 30 kò dára rárá. A kò gbọ́dọ̀ fi í ṣe òṣùwọ̀n fún ibòmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti lo ọdún kan ààbọ̀ nínú ICU kan nílùú Ìbàdàn. Lóru, èmi nìkan ló máa ń tọ́jú aláìsàn mẹ́ta, nígbà mìíràn méjì nínú wọn wà lórí ẹ̀rọ. Mo ti sọ fún ọ̀gá, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Bí mo bá délé, mi ò lè sùn, mo máa ń rò ó bóyá ẹni tó yẹ ni mo fún ní oògùn. Àwọn tí a jọ kàwé ti lọ sí òkè òkun, àwọn tó kù ń kó ìwé jọ. Kí ni kí n ṣe, mà? Ṣé kí n máa lọ ni? — Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ìbéèrè méjì lo bi mí, jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti òru, nítorí ó ṣeé ṣe kí o lọ sẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ òní.

Nígbà tí o bá gbaṣẹ́, má jókòó kọ nǹkan kan kí o tó fi ojú ara rẹ rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti orí dé ẹsẹ̀. Wo ibi tí rọ́bà ọ̀fun dé, ṣé ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ sílẹ̀? Wo iye oògùn tó kù nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan àti aago tí yóò tán. Wo bóyá wọ́n ṣètò aago tí ẹ̀rọ fi ń ké fún aláìsàn tó wà níbẹ̀, àbí ti ẹni àná ló ṣì wà lórí rẹ̀. Rí i dájú pé àpò afẹ́fẹ́ tí a ń fi ọwọ́ fún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan, kí o sì dán an wò, nítorí pé o mọ bí iná wa ṣe rí. Mọ̀ lálẹ́ yẹn kan náà ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára àti èyí tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì pẹ́ kó tó gbà, aláìsàn méjì ló nílò àpò náà, ọwọ́ méjì péré lo sì ní. Nítorí náà mọ ẹni tí wàá pè, nínú wọ́ọ̀dù wo, kí iná tó lọ rárá.

Lẹ́yìn èyí, ohun kan wà tí wọn kì í kọ́ wa dáadáa nílé ìwé. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ju ẹni tó ń ṣe é lọ, ohun kan yóò jábọ́, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ jábọ́ ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní rí lóru yẹn: fífọ ẹnu, yíyí aláìsàn padà, fífọ ọwọ́ nígbà tí o bá ń sáré láti ibùsùn kan sí èkejì. Oògùn kì í sábà jábọ́, nítorí aago wà lórí rẹ̀, dókítà á sì béèrè. Ṣùgbọ́n ẹnu tí a kò fọ̀ lónìí máa ń di òtútù àyà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì mìíràn, ẹnì kankan kò sì ní so ó mọ́ òru tí ìwọ nìkan wà pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ta. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá fi lè sọ pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ní láti fi nǹkan sílẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ni kí o yàn án: fi ìwẹ̀ orí ibùsùn sílẹ̀ di àárọ̀, fi títo nǹkan sílẹ̀, kọ àkọsílẹ̀ ní kúkúrú. Má fi ọwọ́ fífọ̀ sílẹ̀.

Èkejì, máa kọ ọ́ sílẹ̀. “Mo sọ fún ọ̀gá” kì í ṣe ẹ̀rí. Kọ aago, iye aláìsàn, iye àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ, orúkọ alábòójútó tí o pè àti èsì tó fún ọ, sínú ìwé ìròyìn iṣẹ́, láìfi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé o ń dáàbò bo ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ nìkan. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní Nursing Activities Score, tó jáde ní 2003, tí a fi ń gbé iṣẹ́ tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ń gbà lé ìwọ̀n: 100 dúró fún gbogbo àkókò nọ́ọ̀sì kan fún wákàtí 24. Bí ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ bá ṣe é fún oṣù kan, tí mátírọ́ọ̀nù sì rí i lórí ìwé pé iṣẹ́ tí a gbé lé ẹnì kan lọ́wọ́ lóru jẹ́ 190 tàbí 200, ọ̀rọ̀ kúrò ní ìráhùn, ó di ìṣirò tí ó lè gbé wọ yàrá àwọn aláṣẹ. Mo mọ̀ pé àwọn aláṣẹ kan á kà á, wọn á sì tì í sínú dúrọ́ọ̀. Èyí tí kò sí lórí ìwé ni wọn kò tilẹ̀ ní rí tì síbẹ̀.

Ní ti ìrìnàjò, mi ò ní sọ fún ọ pé kó o má lọ. Ní Fébúárì 2024, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn ìwé àṣẹ kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun, o sì rántí bí inú ṣe bí yín sí i. Èrò tèmi ni pé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ lè fa àkókò gùn, kò lè mú kí ènìyàn fẹ́ dúró. Owó kéré, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ tí wọ́n ti lọ ń sọ fún mi pé ohun tó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu níbẹ̀ ni pé aláìsàn kan tàbí méjì ni wọ́n fún wọn. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2025, ọ̀rọ̀ gbígba nọ́ọ̀sì sí i wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó ni etí ará ìlú gbọ́ jù. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fi Nàìjíríà sí ara orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó. Bí o bá fẹ́ lọ, lọ pẹ̀lú ìmọ̀ ICU tó jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe ìpinnu náà ní àárọ̀ tí o ń ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀. Má sì gun ọ̀kadà sùn.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa wà nínú ICU. Ọmọ mẹ́fà ni wá. Ṣé a lè máa wọlé ṣe lára iṣẹ́ náà, tàbí kí a sanwó fún nọ́ọ̀sì tiwa? — Ọ̀jẹ́.

ÌDÁHÙN: Iṣẹ́ ẹ̀rọ, oògùn àti rọ́bà, rárá. Nọ́ọ̀sì tí ẹ bá sanwó fún níta kò ní àṣẹ lórí ibùsùn yẹn, bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ bá mátírọ́ọ̀nù sọ ọ́ ní gbangba, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó ní kọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ yan ẹnì kan nínú yín tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí ọmọ mẹ́fà má bàa máa pe nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo fún ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ béèrè ní àárọ̀ ohun tí wọ́n máa nílò títí di ọ̀la, kí ẹ sì rà á sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé wákàtí tí nọ́ọ̀sì fi ń wá ẹbí kiri fún ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́, ara wákàtí ìyá yín ló ti ń yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá gbà yín láàyè láti wọlé, ẹ fọ ọwọ́, ẹ di ìyá lọ́wọ́ mú, ẹ ki wọ́n ní oríkì wọn.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni ẹni tí kì í ṣe dókítà ṣe lè mọ̀ bóyá ICU kan dára, kí a tó gbé ènìyàn wa síbẹ̀? — Òkè-Àdó.

ÌDÁHÙN: Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí àyè láti yàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí àyè bá wà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ẹ̀rọ. Ẹ béèrè iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú, ẹ sì béèrè ti òru lọ́tọ̀, torí pé ọ̀sán ni àlejò ń wá, ọ̀sán náà ni wọ́n sì ń kó ènìyàn sí. Ẹ béèrè bóyá gbogbo wọn ló ní ìwé àṣẹ Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí, àti mélòó nínú wọn ló kọ́ iṣẹ́ ICU ní pàtó. Ẹ béèrè ẹni tó ń dúró ti aláìsàn nígbà tí nọ́ọ̀sì rẹ̀ bá lọ jẹun. Ẹ wo bóyá omi àti ọṣẹ wà nítòsí ibùsùn, kí ẹ sì wo bóyá ẹni tó kúrò ní ibùsùn kan fọ ọwọ́ kó tó dé èkejì. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 fún yín láṣẹ láti mọ̀ nípa ìtọ́jú tí wọ́n ń fún yín.

Bí wọ́n bá ní “ó sinmi lórí bí ọjọ́ bá ṣe rí”, ẹ ní kí wọ́n sọ ti òru àná fún yín.